Lẹ́tà sí Àǹtí mi lórí ọ̀rọ̀ Disney

Bowie, Maryland,
26 oṣù Kẹwàá, 2025.

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ oògùn? Bàbá Tóbi ní kí n kí yín. Àwọn ọmọ náà kí yín, Tèmi ní kí n béèrè bóyá ajá yín ti bímọ. Òtútù ti dé síbí. Èmi nìkan ni mo ti ń wọ súwẹ́tà nínú ilé, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, èyí tí àwọn ìbejì ń pariwo Disney lẹ́yìn yín títí n kò fi gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní físà ti wà nílẹ̀, tí ẹ bá kó wọn wá ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lọ́dún tó ń bọ̀, Orlando ní Florida, níbi tí àwọn ọgbà eré Disney wà, ni ká forí lé. Ẹ tún ní ẹnì kan sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ibẹ̀ ti wọ́n débi pé àwọn òyìnbó gan-an ti ń sá fún un, ṣé òótọ́ ni? Òótọ́ wà níbẹ̀, àsọdùn náà wà níbẹ̀. Tí mo bá sì ń sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ ó ní mo ti ń ṣahun, torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yin àti Bọ̀dá jọ kà á.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Oṣù yìí gan-an ni Disney gbé iye tuntun jáde. Ọjọ́ tó wọ́n jù ní Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà wọn níbẹ̀, nígbà Kérésìmesì, ti di 209 dọ́là fún ẹnì kan, fún ọjọ́ kan péré. Ṣáájú èyí, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan kò ré kọjá 200 rí ní Florida. Ẹ fi nǹkan bíi 1,450 náírà ṣírò dọ́là kan: ó lé ní 300,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 tí ìjọba fi lélẹ̀, owó oṣù rẹ̀ mẹ́rin kò ní ra ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n ṣí ibẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971, 3.50 dọ́là ni àgbàlagbà fi ń wọlé. Ká má purọ́ mọ́ wọn, owó ìwọlé nìkan nìyẹn. Wọ́n ṣì ń ta ìwé pélébé fún eré kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi A dé E sàmì sí i, eré tó dùn jù ló ń gba E. Síbẹ̀náà, bí a bá gbé 3.50 ìgbà yẹn wá sínú ọjà òní, kò tó 30 dọ́là.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló jẹ́ 209 o. Láti ọdún 2018 ni iye tíkẹ́ẹ̀tì ti ń yí bí ọjọ́ bá ṣe rí. Èyí tó rọjú jù lọ, ní Animal Kingdom, ọgbà wọn mìíràn, 119 ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó máa ń rọjú bẹ́ẹ̀: ìparí oṣù Kẹjọ wọ oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí oòrùn Florida ń jó ni lágbárí, tí wọ́n ń ṣọ́ ìjì líle láti orí òkun, tí ọmọ Maryland sì ti padà sí ilé ìwé. Ọjọ́ tí ọmọ bá ráàyè gan-an ni wọ́n ń fowó lé. Ẹni tí kò lọ́mọ, tó lè gba ìsinmi nígbàkigbà tó bá wù ú, òun ló ń jẹ ẹ̀dínwó níbi tí wọ́n ní tọmọdé ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́. Ó máa ń bí mi nínú.

Ti àwọn ìbejì tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 3 dé 9, wọ́n á bá ẹ yọ dọ́là díẹ̀ kúrò. Tó bá ti di 10, iye àgbàlagbà ni. Táyé àti Kẹ́hìndé tí ẹ kì í jẹ́ kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ àgbà nílé, àgbà ni wọ́n ní Orlando. Ẹ̀yin márùn-ún, àwa mẹ́rin, ó di ẹni mẹ́sàn-án. Bí a bá tiẹ̀ rí ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 150, ó ti lé ní 1,300 dọ́là kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ló ń ká èèyàn lára jù. Àwọn nǹkan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá ń tà ni. Lọ́dún 1999 ni wọ́n dá ohun kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FastPass. Èèyàn á gba ìwé kékeré lẹ́nu ẹ̀rọ, ìwé náà á sọ aago tí kó padà wá, á lọ ṣe nǹkan mìíràn, tí aago bá pé á gba ojú ọ̀nà kúkúrú wọlé. Kọ́bọ̀ ò sí níbẹ̀. Kòrónà dé lọ́dún 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn, nígbà tí wọ́n ṣí i padà, FastPass ò bá wọn padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 wọ́n gbé òmíràn jáde ní dọ́là 15 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Lónìí Lightning Lane ni wọ́n ń pè é, bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni iye rẹ̀ ṣe ń ga tó. Ọ̀kan tún wà fún àwọn ọlọ́lá, Premier Pass, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún tó kọjá: láti 129 dé 449 dọ́là fún ẹnì kan lọ́jọ́ kan, tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé ò sí nínú rẹ̀ o. Bọ́ọ̀sì tó máa ń gbé àwọn tó bá dé sí òtẹ́ẹ̀lì wọn láti pápákọ̀ òfuurufú, ọ̀fẹ́ ni láti ọdún 2005. Wọ́n dá a dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Tí ẹ bá sì wa ọkọ̀ lọ fúnra yín, owó páàkì tún wà lọ́tọ̀.

A lọ sí ọgbà kan ní Florida lọ́dún tó kọjá, n kò ní dárúkọ rẹ̀. A tò síbi eré kan, pátákó ẹnu ọ̀nà ní wákàtí kan àbọ̀. Oòrùn mú, Tèmi ti wà léjìká bàbá rẹ̀, Tóbi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, irin kan ló là wá láàárín. Ìdílé kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ìyá wọn na fóònù sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dún, iná rẹ̀ di àwọ̀ ewé, wọ́n sì wọlé. Àwọn mìíràn tún tẹ̀ lé wọn. Tèmi ń wò wọ́n. Ó ní, "Dádì, kí ni àwọn yẹn ṣe?" Bàbá rẹ̀ ní wọ́n sanwó ni. Ó ní, "Àwa ńkọ́, ṣé àwa ò sanwó ni?" Òyìnbó tó wà níwájú wa kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó yíjú padà, ó wo ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀yìn ètè. Ó jọ pé ọmọ tirẹ̀ ti béèrè ohun kan náà.

Ẹ rántí Trans Amusement Park ní Bódìjà, nígbà tí Bàbá máa ń kó wa lọ lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì? A máa ń tò, a máa ń ti ara wa, ọmọ ọ̀gá àgbà lè wà níwájú ọmọ awakọ̀ rẹ̀ lórí ìlà kan náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ gùn ún. Ó kéré tán, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. (Mo mọ̀ pé Bọ̀dá Ṣọlá máa ń fún ọkùnrin tó ń tì wá ní owó gúgúrú. Ẹ má sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ.)

Ó wá ku ìbéèrè yín: ṣé àwọn ìdílé ń sá lóòótọ́? Lọ́dún 2019, èrò tó wọ Magic Kingdom súnmọ́ mílíọ̀nù 21. Lọ́dún 2023, mílíọ̀nù 17.7 ni. Àwọn kan ti lọ nìyẹn. Síbẹ̀ kò sí ọgbà eré tó ní èrò tó bẹ́ẹ̀ láyé, ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ọgbà àti ọkọ̀ ojú omi Disney sì jèrè tó lé ní bílíọ̀nù 9 dọ́là lọ́dún ìṣírò 2024, irú rẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ mọ alápatà ọjà Bódìjà tó máa ń fojú fo gbogbo ẹni tó fẹ́ ná ẹran, tó ń juwọ́ sí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ látinú jíìpù? Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá lọ kò dùn wọ́n, nítorí ẹni tó kù ń san tirẹ̀, ó ń san ti ẹni tó lọ mọ́ ọn. Nítorí náà ẹni yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tọ̀nà, ó kàn jẹ́ pé ó rò pé àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń sunkún.

Gbèsè náà wà ńbẹ̀. LendingTree, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn wá ibi tí wọ́n ti lè yáwó, ṣèwádìí lọ́dún 2024, wọ́n rí i pé nínú àwọn òbí tó ní ọmọ tí kò tíì pé 18, tí wọ́n ti lọ sí Disney rí, 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ gbèsè torí rẹ̀. Mo mọ irú wọn níbi iṣẹ́. Wọ́n á dé, wọ́n á gbé fọ́tò sí Facebook, wọ́n á sì máa gba iṣẹ́ òru láti san án títí ọdún á fi yípo.

Six Flags, iléeṣẹ́ ọgbà eré mìíràn, náà gbìyànjú ohun kan náà lọ́dún 2022, ó sì já a kulẹ̀. Selim Bassoul tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà gbé owó sókè, ó gé ẹ̀dínwó, ó sọ ọ́ ní gbangba pé ọgbà àwọn ti di ibi tí òbí ń kó ọmọ ọ̀dọ́ dà sí lówó pọ́ọ́kú. Èrò wọn já láti mílíọ̀nù 27.7 lọ́dún 2021 sí 20.5. Bí wọn kò ṣe ní ilé ọba kan bíi ti Disney tí gbogbo ọmọ ayé fẹ́ wá yàwòrán níwájú rẹ̀, àwọn èèyàn kàn jókòó sílé ni.

Ọ̀kan nínú ọgbà wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, Six Flags America, ní ojú ọ̀nà Central Avenue. Lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, wọn yóò tì í pa, wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ náà. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ti kéde rẹ̀. N kò ní sọ pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ló pa á. Wọ́n da ilé iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ Cedar Fair, iléeṣẹ́ ọgbà eré bíi tiwọn, lọ́dún tó kọjá, àwọn tó dà á pọ̀ sì ń ka èyí tó wúlò fún wọn àti èyí tí kò wúlò. Ṣùgbọ́n, Àǹtí mi, ọgbà àwa tí a ò lówó Orlando nìyẹn. Yorùbá pọ̀ ní àgbègbè yìí bí ẹ ṣe mọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń lọ nígbà ooru, gbogbo wọn nínú tíṣáàtì aláwọ̀ kan náà, àwọn ìyá á ṣí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ ní páàkì, jọ̀lọ́ọ̀fù inú kúlà á máa rú èéfín. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ló ti gba owó oṣù àkọ́kọ́ nígbà tó pé 16. A lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kí Tóbi lè gun Roar nígbà ìkẹyìn, roller coaster (ọkọ̀ eré tó ń sáré gòkè sọ̀ kalẹ̀) tí wọ́n fi igi kàn, tó máa ń ké bí ọkọ̀ bá ti ń gorí rẹ̀. Èrò pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Bàbá Tóbi ní ká ní wọ́n ti ń wá báyìí látọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Mo ní kó dákẹ́, àwa náà ò wá.

Ní báyìí, tí ọmọ Bowie bá fẹ́ gun roller coaster, ó di Kings Dominion ní Virginia tàbí Hersheypark ní Pennsylvania, nǹkan bíi wákàtí méjì lórí títì. Ìyá tí kò ní mọ́tò ò lè débẹ̀.

Ohun tí mo dábàá nìyí. Ẹ wá. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Disney ọjọ́ kan ṣoṣo, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá rọjú jù kí ilé ìwé Tóbi tó wọlé, a ò sì ní ra ojú ọ̀nà kúkúrú kankan. A ó tètè jí, a ó tò. Wọ́n gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ wọlé, ìgò ni wọn ò fẹ́, omi tútù sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, torí náà ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ra omi. Ọjọ́ yòókù, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian àti ọgbà ẹranko ní Washington, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti tì í báyìí torí ìjà owó láàárín àwọn olóṣèlú, ṣùgbọ́n kò lè má ṣí kí ẹ tó dé.

Ẹ sọ fún Bọ̀dá kí wọ́n fi ọjọ́ tí ilé ìwé àwọn ìbejì máa ti pa ránṣẹ́ sí mi kó tó di Kérésìmesì, torí oṣù Kìíní ni mo máa ń kọ orúkọ fún ìsinmi níbi iṣẹ́, ẹni tó bá pẹ́ á gba oṣù Kọkànlá. Ẹ bá mi gbé kúlíkúlí àti gààrí Ìjẹ̀bú. Ẹ má gbé ẹran kankan o, ì báà jẹ́ gbígbẹ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Owó oògùn Màámi yóò wọlé lọ́jọ́ Friday.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín,
Bíọ́lá