Ta ló di àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ààyè díẹ̀ fún wa nínú ìwé ìròyìn yín.

Bí àwọn ìpáǹle bá ya wọ súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Tákíé tàbí ní Under G nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń ki ọjà sápò, tí àwọn ọmọ tó ń tajà sì dúró gbagidi bí ère, ohun kan náà ni àwọn oníbàárà máa ń sọ: "Ẹ ò rí àwọn ọ̀lẹ yìí! Ṣe ni wọ́n ń wò wọ́n!" Àwọn mìíràn á ní wọ́n ti bá olè mulẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìyẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, adìyẹ nìkan là ń bá wí. Akátá ti gun ọ̀kadà lọ.

Ìdákẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í ṣe ojo. Àwa tá a ni ọjà la kọ́ wọn.

Ẹ wò ó bó ṣe máa ń rí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń ka ọjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù. Bí ohun tó wà lórí pẹpẹ kò bá bá ìwé mu, a ó pè é ní ṣọ́tẹ́ẹ̀jì, a ó pín in sórí gbogbo ọmọ iṣẹ́, a ó sì yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Ọmọ tó bá wá sọ pé òun rí afọwọ́rá, òun ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ dojú kọ: "O rí i, o ò mú un? Ìwọ lo máa san án." Èyí tó bá ní òun ò rí nǹkan kan, ìpín tirẹ̀ nìkan ló máa san. Ta ló máa wá yanu pé òun rí?

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ṣọ́tẹ́ẹ̀jì ni olè jí. Páálí mílíìkì tó yẹ kó ní sáṣẹ́ẹ̀tì 24 lè ti ilé ẹni tó kó o wá ní 22. Ẹni tó wà ní káńtà lè tẹ ẹyọ kan níbi tó yẹ kó tẹ méjì. Eku jẹ nínú rẹ̀, ọjọ́ kọjá lórí òmíràn, wọ́n jù ú nù, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ìparí oṣù la tó kà á, kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó lọ, ká má tiẹ̀ wá sọ ẹni tó gbé e. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 5, kò fún agbanisíṣẹ́ láyè láti máa gé owó oṣù bó ṣe wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù, tàbí tó jẹ́ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aláṣẹ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àpapọ̀ ohun tí a ó yọ lóṣù kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹni tó ń gba ₦45,000, ₦15,000 ni òpin rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ló ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí?

Ohun tó dára ju gígé owó lọ kò le. Ẹ yan ọjà 20 tí ọwọ́ olè máa ń yá sí: lọ́fíńdà, ìpara olówó ńlá, bíléèdì, mílíìkì ọmọ ọwọ́, ṣokoléètì, sàdíìnì, ṣájà fóònù, ohun tó kéré tó sì wọ́n. Ẹ máa ka ogún yìí nìkan láàárọ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá yí ọwọ́, àti lálẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ni kí wọ́n jọ kà á, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé. Lójú ọjọ́ náà lẹ ó ti mọ wákàtí tí nǹkan lọ, ẹ ó sì lè yẹ kámẹ́rà wò kó tó pẹ́ jù. Ẹ má to ju mẹ́ta lọ síta nínú èyí tó wọ́n jù, kí ẹ sì máa fà á síwájú pẹpẹ, kí àlàfo lè hàn bí ẹnì kan bá mú ọ̀kan.

Ó wá kan ariwo fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ìwà ìta lásán ni. Rárá o, iṣẹ́ ni. Wọn kì í wọlé pa pọ̀. Àwọn méjì á kọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n á lọ sí ibi tó jìnnà sí káńtà. Lẹ́yìn náà ni mẹ́ta tàbí mẹ́rin á rọ́ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín àti èébú. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ ìjà owó: "Lánàá, ₦1,200 lẹ tà á fún mi!" Òmíràn á ní kí ọmọ iṣẹ́ gun àkàbà lọ gbé ohun tó wà lókè fún òun. Nígbà tí gbogbo ojú bá ti wà lára oníjà, àwọn méjì àkọ́kọ́ ti ṣe tiwọn tán. Nítorí náà, bí ariwo bá bẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni kó kọjú sí i. Àwọn yòókù kó kẹ̀yìn sí ariwo, kí wọ́n kọjú sí pẹpẹ. Ó máa ń ṣòro, torí ẹ̀dá fẹ́ràn ìran, ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan. Bí ẹni tó wà ní káńtà bá ní "Ẹ bá mi wo páálí 12," kí olúkúlùkù ti mọ ibi tó ń lọ: oní-káńtà á ti àpótí owó pa, ẹnì kejì á dúró síbi ọjà ogún yẹn, ẹnì kẹta á gba ẹ̀yìn jáde lọ pe ìrànlọ́wọ́, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà á bọ́ síta láti wo nọ́ńbà ọ̀kadà wọn. Ẹ má ṣe ní kó tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo èèyàn o. Ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ ìpáǹle mẹ́fà ni wọ́n ń fi ìgò fọ́.

Kó tiẹ̀ tó dé ibẹ̀, ìkíni ń ṣọ́ ọjà ju ọlọ́dẹ lọ. Ẹni tó wá jalè kò fẹ́ kí ojú òun àti ojú ẹnikẹ́ni ṣe mẹ́rin. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa. Ẹ gba apẹ̀rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ rà?" Ká kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lápapọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá rí ẹnì kan tó ki nǹkan sábẹ́ aṣọ, kó sún mọ́ ọn kó sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé ìyẹn sí káńtà." Ọ̀pọ̀ ló máa dá a padà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán láìsí ìjà. (Ẹ má rò pé ọ̀dọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH nìkan là ń sọ. Agbádá fẹ̀ ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ.)

Bí ẹni náà bá kọ̀, ohun márùn-ún gbọ́dọ̀ pé kí a tó dá a dúró. Ọmọ iṣẹ́ rí i pé òfìfo lọwọ́ rẹ̀ nígbà tó dé ibi pẹpẹ. Ó rí i tó mú ọjà náà. Ó rí ibi tó fi í sí. Ojú ọmọ iṣẹ́ kò kúrò lára ẹni náà látìgbà náà. Ẹni náà sì ti kọjá káńtà láìsanwó, ó ti jáde lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ẹ jẹ́ kó lọ. Ìkẹrin ló máa ń yẹ̀ jù: ọmọ iṣẹ́ yíjú láti dá oníbàárà kan lóhùn, ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn, afọwọ́rá ti fi ọjà lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kó ti jù ú sẹ́yìn àpò ìrẹsì. A wá dá a dúró, a ò bá nǹkan kan lára rẹ̀, àwa la wá di ẹlẹ́jọ́.

Èèyàn méjì ni kó jáde bá a, ọ̀kan á sọ̀rọ̀, èkejì á máa wò kó lè jẹ́rìí. Kí àyè tó tó apá méjì wà láàárín wọn. Kí wọ́n má dí i lọ́nà, kí wọ́n má fà á láṣọ, kí wọ́n má tú àpò rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ó dà bíi pé ẹ gbàgbé láti sanwó ohun kan, ẹ jẹ́ ká jọ padà sí káńtà." Ọ̀rọ̀ "olè" kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti pé mẹ́ta, tàbí tí ìgò bá wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tàbí tí ọtí ń rùn lẹ́nu wọn, kò sí lílé o. Ọjà ₦6,000 kò tó ohun tí ọmọ ọlọ́mọ fi ojú kan ṣòfò lé lórí. Kí wọ́n wo bàtà wọn dáadáa, torí èèyàn lè bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sọnù níwájú, kì í sábà bọ́ bàtà. Kí wọ́n wo nọ́ńbà ọ̀kadà, àti bóyá ọ̀nà Ìlọrin ni wọ́n gbà tàbí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láàárín ara wọn, torí ìrántí ẹnì kan máa ń ba ti ẹlòmíràn jẹ́.

Ẹ̀yin oníbàárà tó máa ń fò wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ọkàn yín dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ di ìjà. Ẹ lọ sọ fún oní-káńtà ní ohùn jẹ́jẹ́ ohun tí ẹ rí àti ẹni tí ẹ rí. Ẹ má ké "olè!" sí títì. Ní Tákíé tàbí ní Sábó, igbe yẹn kò ní pé ìṣẹ́jú méjì tí taya àti bẹntiróò á fi dé, kò sì sẹ́ni tó lè dá èrò dúró mọ́. Ẹni tí wọ́n bá pa bẹ́ẹ̀, ìpànìyàn ni lójú òfin, àní bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́fíńdà wà lápò rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni òfin là sílẹ̀ fún irú olè jíjà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ikú.

Nǹkan méjì míì tí àwọn olówó ọjà kì í kà sí. Àkọ́kọ́ ni iná. Àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí NEPA mú iná àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ dáhùn ni ọwọ́ máa ń yá jù. Ẹ ra ìnfátà kékeré tó lè gbé gílóòbù méjì àti kámẹ́rà nìkan, kò nílò kó gbé fíríìjì. Bí iná bá lọ, kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ dúró síbi tí wọ́n wà, kí ọ̀kan ṣoṣo lọ tan jẹnẹrétọ̀. Èkejì ni kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́rin tó ń ká àwòrán tó mọ́ kedere sórí ààyè 1TB lè má tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, kò ju bí ọjọ́ mẹ́fà lọ. Aago inú rẹ̀ sì máa ń ṣìnà bí bátìrì kékeré inú rẹ̀ bá kú, fídíò á wá máa sọ pé òru ni olè wọlé. Ẹ bá aago fóònù mu ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ gbé fídíò náà sórí fíláàṣì lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ẹ bá mú ẹnì kan, òfin gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láì jáfara. Nọ́ńbà 112 àti 615 ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò gba owó, ẹ kọ wọ́n gàdàgbà sẹ́yìn káńtà, pẹ̀lú nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá àti ti Àmọ̀tẹ́kùn tó wà nítòsí. Fífá irun rẹ̀, bíbọ́ ọ sí ìhòòhò, gbígbé e sórí Facebook, gbogbo rẹ̀ ń sọ ẹni tí wọ́n jà lólè di ọ̀daràn. Abala 34 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, tó ní ká má ṣe tàbùkù ọmọ ènìyàn, kò yọ afọwọ́rá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígba owó ìlọ́po mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá: ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni.

Tí wọ́n bá sì ṣe ọmọ iṣẹ́ yín léṣe ńkọ́? Òfin 2010 lórí owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, kí ibẹ̀ lè tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ mẹ́jọ bá ń gba ₦45,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ₦3,600 péré ni ẹ ó san lóṣù. Ẹni tí kò san án, tó sì ń retí kí ọmọ ọlọ́mọ na àyà sí ìgò, kó tún ìrètí rẹ̀ yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe ọmọ iṣẹ́ yín sí àgọ́ ọlọ́pàá láti kọ ohun tó rí, tàbí sí kóòtù láti jẹ́rìí, ọjọ́ iṣẹ́ ni. Ẹ fún un lówó ọkọ̀, ẹ má sì gé ọjọ́ náà kúrò nínú owó oṣù rẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn òǹtajà kan,
Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.