Èèyàn mélòó ló wà nínú tówà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ láìpẹ́ yìí, pé kí ìjọba àpapọ̀ gba iṣẹ́ dídarí bàálù kúrò lọ́wọ́ NAMA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfurufú Nàìjíríà, kí wọ́n gbé e fún agbaṣẹ́ṣe, bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wí yẹn ni mo wà. Bàálù ni mò ń tún ṣe ní pápákọ̀ òfurufú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, agbaṣẹ́ṣe ló sì ń mójú tó tówà wa, ilé gíga tí wọ́n ti ń fi rédíò sọ fún àwọn awakọ̀ bàálù ìgbà tí wọ́n lè gbéra tàbí kí wọ́n balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ bó ṣe rí.

Gbogbo Amẹ́ríkà kọ́ ló wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Atlanta, Kennedy ní New York, Dulles tí ọ̀pọ̀ wa níbí ń gbà wálé, ìjọba ló ń darí wọn lábẹ́ FAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà bàálù l'Amẹ́ríkà. Àwọn pápákọ̀ tó kéré, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò, tí àwọn olówó sì ń gbé bàálù tiwọn sí, ni wọ́n gbé fún agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n ti lé ní 250.

Ìjà ló bí ètò náà. Lóṣù kẹjọ ọdún 1981, àwọn tó ń darí bàálù da iṣẹ́ sílẹ̀. Ààrẹ Reagan fún wọn ní wákàtí 48 láti padà. Àwọn tó kọ̀ lé ní 11,000, ó sì lé gbogbo wọn dànù. Èèyàn wá wọ́n. Nígbà tó di 1982, FAA mú tówà márùn-ún, ó ní kí àwọn agbaṣẹ́ṣe bá òun dán an wò. Ibẹ̀ ló ti gbèrú dé ibi tó dé lónìí.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn rò pé agbaṣẹ́ṣe yóò kó owó wá. Owó wo? Ìjọba ló ń sanwó fún agbaṣẹ́ṣe níbí. Níbi tí bàálù kò bá ti pọ̀ tó, FAA á ní kí ìlú tó ni pápákọ̀ dá díẹ̀ sí i. Ìwé ẹ̀rí FAA ni àwọn òṣìṣẹ́ inú tówà náà ń gbà, ìwé òfin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, FAA ló sì ń wá yẹ iṣẹ́ wọn wò. Tí ẹ bá ń bá tówà sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ti ìjọba ni àbí ti agbaṣẹ́ṣe.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́dún 2012, àwọn ayẹ̀wéwò ilé-iṣẹ́ ìrìnnà ìjọba wọn ṣe ìṣirò: tówà agbaṣẹ́ṣe kan ń ná wọn ní nǹkan bíi 537,000 dọ́là lọ́dún, èyí tó jọ ọ́ lọ́wọ́ ìjọba ń ná wọn ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ẹnu ẹni tó bá gbọ́ èyí á ya, á ní ìjọba ń fi owó ṣòfò. Ṣùgbọ́n àwọn ayẹ̀wéwò náà sọ ibi tí ìyàtọ̀ owó yẹn ti wá: èèyàn tí agbaṣẹ́ṣe ń gbà kéré, owó oṣù wọn náà sì kéré. Wọ́n tún ní àṣìṣe tí wọ́n ń ròyìn láti tówà agbaṣẹ́ṣe kò pọ̀ ju ti ìjọba lọ. Mo gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n bá ròyìn nìkan la lè kà.

Mo ní rédíò kékeré kan tí mo máa ń gbé lé orí àpótí irinṣẹ́, kí n lè mọ ìgbà tí mo lè gbé bàálù jáde lọ dán ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò. Lọ́pọ̀ àárọ̀, ohùn kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́ níbẹ̀. Ohùn tó sọ pé kí n dúró, kí n má tíì kọjá, òun náà ló ń sọ fún ọmọ ẹ̀kọ́ tó wà lókè pé ẹnì kan ṣì wà níwájú rẹ̀, òun náà ló ń ní kí ẹlikọ́pítà rọra yà sí ìwọ̀-oòrùn, òun náà ló ń ka bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́. Bàbá arúgbó kan ló ni ohùn náà. A máa ń pàdé níbi tí a ń gbé mọ́tò sí. Ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ FAA rí, àwọn yẹn sì ní dandan ni kéèyàn kúrò nínú tówà tó bá ti pé ẹni ọdún 56. Òfin yẹn kò de àwọn agbaṣẹ́ṣe. Bàbá ní owó ìfẹ̀yìntì òun ń wọlé déédéé, èyí tí agbaṣẹ́ṣe ń san fún òun, owó ọbẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Bí FAA bá ti pè wọ́n, wọ́n ti lọ nìyẹn, ta ló sì máa dá wọn lẹ́bi?

Ohun mìíràn tí lẹ́tà yẹn kò mẹ́nu bà: bí owó bá há, ti agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Lóṣù kẹta ọdún 2013, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gé owó ìnáwó rẹ̀, FAA gbé orúkọ tówà 149 jáde tí wọ́n fẹ́ tì. Gbogbo 149 ló jẹ́ ti agbaṣẹ́ṣe. Márùn-ún nínú wọn wà ní Maryland níbí, Frederick wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣí ti Frederick nígbà náà. Àwọn ìlú kan gba ilé ẹjọ́ lọ, ariwo ta, kí àwọn aṣòfin tó rí owó tí wọn ò fi tì wọ́n mọ́.

Àmọ́ kí àwọn tó fẹ́ràn ìjọba má tíì máa jó. Lóòótọ́, ní Frederick yìí kan náà, lóṣù kẹwàá ọdún 2014, bàálù kékeré kan àti ẹlikọ́pítà forí gbárí, èèyàn mẹ́ta tó wà nínú ẹlikọ́pítà kú. Ohun tí àwọn olùwádìí dì mú jù ni pé àwọn awakọ̀ méjèèjì kò wo àyíká wọn dáadáa. Ẹ wá wo Lexington ní Kentucky, tówà ìjọba. Ní ìdájí ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2006, àwọn awakọ̀ bàálù èrò kan ti ilé-iṣẹ́ Comair ṣìnà, wọ́n gba ojú ọ̀nà kúkúrú tí bàálù wọn kò lè gbéra lórí rẹ̀. Èèyàn 49 kú nínú 50. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú tówà, ó ti kẹ́yìn sí wọn, ó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. FAA fúnra wọn ló sì ní èèyàn méjì ló yẹ kó máa wà níbẹ̀ ní irú àkókò yẹn.

Ti Washington kò jìnnà sí wa rárá. Lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, bàálù èrò àti ẹlikọ́pítà ológun kọlu ara wọn lókè odò Potomac, èèyàn 67 ló bá a lọ. Tówà ìjọba ni. Ẹnì kan ló ń bá àwọn ẹlikọ́pítà àti àwọn bàálù sọ̀rọ̀ pa pọ̀, iṣẹ́ tó jẹ́ pé èèyàn méjì ni wọ́n sábà máa ń pín in fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Nítorí náà, Olóòtú, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde yàtọ̀ sí ti ẹni yẹn. Ẹ rán oníròyìn yín kan lọ sí Ìbàdàn, Àkúrẹ́ àti Ìlọrin. Kó bi NAMA pé èèyàn mélòó ló ń wà nínú tówà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mélòó ló máa fẹ̀yìn tì láàárín ọdún márùn-ún, mélòó ló sì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ bàálù tó wà ní Zaria báyìí tó máa rọ́pò wọn. Bí agbaṣẹ́ṣe kankan bá wá ní òun lè ṣe é ní owó tó dín, kó kọ́kọ́ kọ iye èèyàn tó máa gbà àti iye tó máa san fún wọn sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo wa kà á.

Èmi ni,
Ọmọ Ìkìrun tó ń tún bàálù ṣe,
Maryland, Amẹ́ríkà.