Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Kọ́ Ilé, Kí Ẹ sì Máa Gbé Inú Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o.

Bí ìsìn bá ti ń sún mọ́ aago méjìlá, mo máa ń rí yín láti orí pẹpẹ. Ẹni tó wọ ẹ̀wù elése àlùkò ti Vikings, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Minnesota wa níbí, sábẹ́ agbádá ń wo fóònù lábẹ́ Bíbélì. Mi ò bínú. Èmi náà ń wo bọ́ọ̀lù yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a jù. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìdílé Wilf, àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà.

Joseph Wilf ni baba wọn, Júù ilẹ̀ Pólándì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Rọ́ṣíà kó òun àti àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Siberia, níbi tí òtútù ti tó láti fi ti Minnesota yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ogun parí, kò sí ilé tí wọ́n lè padà sí mọ́. Jámánì ni wọ́n ti bí Zygi ọmọ rẹ̀ ní 1950, kí wọ́n tó kó wá sí Amẹ́ríkà. Ní 1954, Joseph àti Harry ọmọ ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé ní New Jersey. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí ìdílé náà tó ra Vikings ní 2005, ní 600 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí bàbá kú ní oṣù kẹjọ 2016, pápá tuntun ẹgbẹ́ náà tó wà láàárín Minneapolis ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni.

Jeremáyà orí 29 ló sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì ń retí kí wòlíì ní kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé kí wọ́n máa gbé inú wọn, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú náà.

Ó dun èmi alára. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti parí ilé yàrá márùn-ún sí Ìbàdàn. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, ọ̀rá tí wọ́n fi wé àga nígbà tí a rà á ṣì wà lára rẹ̀. Alángbá méjì ń mi orí sí mi lójú fèrèsé bí ẹni ń kí àlejò. Mo padà síbí, mo san owó háyà oṣù yẹn. Mi ò ní kí ẹ má kọ́lé sílé o! Àmọ́ àwọn ọmọ wa ń dàgbà níbí, inú ilé onílé.

Ẹ má sì rò pé èèyàn mímọ́ ni mo ń gbé lárugẹ. Ní 2013, adájọ́ kan ní New Jersey dá Zygi, Mark àbúrò rẹ̀ àti Leonard ìbátan wọn lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí àwọn alájọṣe wọn pè láti 1992, pé àwọn Wilf ò jẹ́ kí ẹ̀tọ́ àwọn alájọṣe náà lórí ilé kan tó wọn lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlélógún lórí ọ̀rọ̀ ìpín! Ẹ̀yin tí ẹ ń da owó pọ̀ ra ilé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà láàárín ọmọ ìyá.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá, ọ̀kan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ ilé títà yóò jókòó pẹ̀lú yín ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, láti ṣàlàyé bí báńkì ṣe ń yáni lówó ilé. Ẹ mú ìwé owó-orí ọdún méjì dání. Kò sí bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, mo ti wò ó.