Ẹ Dárúkọ Obìnrin Tó Ṣe Abẹ́rẹ́ Ẹ̀tẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí ẹ̀tẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní àwọn dókítà Hawaii ló sọ epo chaulmoogra, tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀ nígbà náà, di abẹ́rẹ́. Rárá o. Ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan ni, Alice Ball, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ọmọ Seattle ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà náà.

Èso igi kan ní ìhà Íńdíà ni wọ́n ti ń fún epo yìí. Ẹni tó bá mu ún, èébì ni. Bí wọ́n bá gún un sára, ojú kan ni yóò dì sí, awọ á wá wú kókó-kókó. Ẹni tó bá ti rí epo pupa nínú garawa ní Kétu níbí láàárọ̀ ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń wí: ṣíbí la fi ń wà á. Irú ìyẹn ni wọ́n fẹ́ tì gba ojú abẹ́rẹ́!

Ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú. Bó bá ti da omi eérú sí àdín, tó ń ro ó lórí iná, epo á yí padà lójú wa, kò ní jẹ́ epo mọ́. Ohun tó fara jọ ọ́ ni Ball ṣe: ó tú epo náà sí àwọn ásíìdì inú rẹ̀, ó sì fi étánọ́ọ̀lì, irú ọtí kan, so mọ́ wọn. Ohun tó jáde ń ṣàn, ara ń gbà á. Àwọn aláìsàn kan tí wọn ì bá kó lọ sí Kalaupapa, ibi tí wọ́n ń kó àwọn adẹ́tẹ̀ sọ́tọ̀ sí ní erékùṣù Molokai ní Hawaii, padà sílé.

Ní 1915, òun lobìnrin àkọ́kọ́ àti adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba oyè másítà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Hawaii. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1916, láìtíì tẹ iṣẹ́ náà jáde. Arthur Dean, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló bá a parí, ó tẹ̀ ẹ́ jáde láìdárúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní ọ̀nà Dean nígbà náà. (Mi ò pe òkú lólè o.) Harry Hollmann, dókítà tó bẹ Ball níṣẹ́, ló kọ ọ́ síta ní 1922 pé ọ̀nà Ball ni.

Nígbà tí mò ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì, àwọn ọmọbìnrin a máa bi mí pé, "Ìyá, nínú àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, lẹ́yìn Marie Curie, ta ló tún kù?" Àyà ara mi ni mo máa ń tọ́ka sí, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ kọ orúkọ náà pé: Alice Augusta Ball.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Kétu.