Sí Múfútáù, ní Ẹ̀pẹ́

Houston, Texas
Ọjọ́ Àìkú

Múfú ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyá Sọfíà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí fọ́tò Màámi tí o fi ránṣẹ́, bí wọ́n ṣe jókòó síta tí wọ́n ń já ewédú. Inú mi dùn débi pé mo fi han gbogbo ará ibi iṣẹ́. Àlàáfíà la wà níhìn-ín. Ìyá Khàlídì ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ alẹ́, owó ilé ti gbẹ́nu sókè, Khàlídì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lóṣù tó kọjá. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì máa dúró. Èyí tí kò lè dúró ti wà lọ́kàn mi láti Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún níbí tó máa yé bó ṣe máa yé ọ.

Ṣé o rántí ọkọ̀ pẹja kékeré tí mo sọ fún ọ pé mo rà? Kì í lo epo, iná ló ń lò. Trolling motor ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnnì rẹ̀: ọ̀pá gígùn kan tí ọwọ́ ìdarí wà lórí rẹ̀, mọ́tò kékeré kan tí kò ju agolo mílíìkì ńlá lọ wà nísàlẹ̀ nínú omi, abẹ̀bẹ̀ sì wà nídìí mọ́tò náà. Bátìrì volt 12 kan ló ń gbé e. Kì í pariwo rárá. Tí o bá jókòó sínú rẹ̀, àfi bíi pé Bàbá ló ń tukọ̀, tí àjẹ̀ wọn kì í dún létí ẹja.

Lake Conroe lèmi àti Khàlídì lọ, adágún ńlá tí wọ́n sé odò San Jacinto fún, tó kún lọ́dún 1973. A ti pa ẹja crappie mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ọmọ ń yọ̀, ni afẹ́fẹ́ àríwá bá dé. Mo yí iná lọ sí òpin kí a lè tètè dé èbúté. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn. Nígbà tó ṣe, ó sọjí fúnra rẹ̀, a lọ díẹ̀, ó tún kú. Afẹ́fẹ́ ń gbé wa lọ sí agbedeméjì omi, ìgbì ń ta sínú ọkọ̀, àjẹ̀ kan péré ló wà lọ́wọ́ mi. Khàlídì wọ life jacket, torí òfin Texas ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nínú irú ọkọ̀ yẹn. Èmi ò wọ tèmi. Mo ká a, mo fi jókòó. Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn di etí ọkọ̀ mú, ó ní, "Dádì, ṣé bí ti Ejìnrìn nìyí?"

Múfú, eré ni mo fi alẹ́ tí omi dẹ́rù bà wá ní Ejìnrìn ṣe nígbà tí mo ń sọ ọ́ fún un. Mi ò mọ̀ pé ó wọ̀ ọ́ lára.

Òyìnbó àgbàlagbà kan ló so okùn mọ́ wa tó fà wá dé èbúté, kò gba kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án tó fi ní mọ́tò ti jóná, kí n lọ ra tuntun. Iye tó pè lé ní 300 dọ́là. Mo gbé ẹrù mi padà sílé. Ohùn ọ̀gá rẹ ló ń dún létí mi, bí wọ́n ṣe máa ń jágbe mọ́ yín tí mo bá wá kí ọ ní ṣọ́ọ̀bù rìwáyà: ẹ tọ iná láti ibi tó ti jáde, ẹ má ti ibi tó kú sí bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tú abẹ̀bẹ̀. Okùn ìwọ̀ ti wé mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, ìyẹn sì léwu, torí ó lè gé rọ́bà tó ń dí omi mọ́ ìta mọ́tò. Mo fi abẹ́ já a kúrò, mo yẹ rọ́bà wò, kò gé. Irin kékeré tó so abẹ̀bẹ̀ mọ́ mọ́tò náà ò kán. Mo fi mítà kan bátìrì, 12.7, ó kún dáadáa. Mo ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi lẹ́yìnkùlé, mo tan án díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Ibẹ̀ ni ì bá ti tàn mí. Mo wá yí i lọ sí òpin, mo sì fi mítà síbẹ̀ bó ṣe ń yí. Orí bátìrì ka 12.1. Ẹnu ẹ́ńjìnnì ka 9.7. Volt méjì àti díẹ̀ ń sọnù sójú ọ̀nà!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan oríkèé wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mítà kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún. Odindi 2 ló ń sọnù níbi tí wáyà pupa ti wọ bíréékà. Mo fọwọ́ kan ibẹ̀, ó jó mi. Mo fi abẹ́ la rọ́bà tó bò ó. Kò sóhun tó ṣe rọ́bà yẹn lójú o, ó ń dán. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe là á, lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ewé tú sí mi lọ́wọ́, kọ́pà inú rẹ̀ ti jẹ di eruku. Mo ka fọ́nrán tó kù tó ṣì di ara wọn mú: méje. Àwọn yẹn ló ń ru gbogbo iná ẹ́ńjìnnì. Tí a bá rọra lọ, iná tó ń fà kò pọ̀, wọ́n lè rù ú. Tí mo bá yí i sí òpin, ó lè fà tó amp 50, ojú ibẹ̀ á gbóná, ooru á ran bíréékà, bíréékà á já. Tó bá tutù, á padà fúnra rẹ̀. Mọ́tò ò jóná rárá.

Mo gé wáyà dé ibi tí kọ́pà ti mọ́, mo tẹ ẹnu tuntun mọ́ ọn, mo fi rọ́bà tó máa ń sún kì tí ooru bá kàn án bò ó, èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú. Mo pààrọ̀ bíréékà sí amp 60. Báyìí, bí mo bá yí i sí òpin, ohun tó ń sọnù ò tó ìdajì volt. Mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀, kí o rí i.

Ṣùgbọ́n Khàlídì ò fẹ́ gun ọkọ̀ mọ́. Mo ní kó jẹ́ ká lọ lánàá, ó ní àyà òun ń já. Mi ò fi dandan mú un.

Èmi náà ò sùn dáadáa. Nígbà tí ìgbì ń ta sí wa yẹn, kì í ṣe ara mi ni mo ń rò. Bàbá ni. Ọdún 76 ni wọ́n, wọ́n ṣì ń dá wọ inú ọ̀sà lóru pẹ̀lú àwọ̀n àti àtùpà, kò sẹ́nì kejì. Tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní ara le koko. Ìgbà tí mo pè kẹ́yìn, wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó parí gbólóhùn kan. Mo béèrè, wọ́n ní àtẹ̀gùn ni wọ́n gùn. Múfú, àtẹ̀gùn wo ló wà nílé wa?

Mo kọ́kọ́ rò ó láti fi irú ẹ́ńjìnnì yìí ránṣẹ́ sí wọn, kí ìwọ so ó. Mo wá rántí ewéko ojú omi, èyí tí Bàbá máa ń ní ọ̀nà Bàdágìrì ló gbà wọlé lọ́dún 1984 tó fi ba omi jẹ́. Ó máa wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó kúrò létí omi. Mi ò ní fi ìṣòro tuntun ránṣẹ́ sí wọn.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Ẹnì kan ń bọ̀ wálé níparí oṣù, mo ti fún un ní life jacket kan, tín-ín-rín, kò ní dí wọn lápá tí wọ́n bá ń da àwọ̀n. Jọ̀ọ́, gbà á, kí o mú un lọ fún wọn lẹ́yìn Jímọ̀ọ́. Má sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́, torí wọ́n á ní ọmọ tí àwọn kọ́ ní ìlúwẹ̀ẹ́ ló ń kọ́ àwọn. Sọ pé ìwọ lò ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń gbọ́ tìrẹ. Bá wọn jẹun, kí o wo bí wọ́n ṣe ń mí, kí o wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó wú. Ra ọ̀bọ̀kún ní Ọjà Olúwo lọ fún wọn, màá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ òní. Tó o bá kúrò lọ́dọ̀ wọn, pè mí, aago yòówù kó jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Òótọ́ ibẹ̀ gan-an ni kí o sọ fún mi.

Bá mi kí Màámi. Khàlídì ń kí Sọfíà.

Èmi ni,
Wàsíù