Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ Tó Kú Nínú Abọ́ Kò Tíì Di Ìwòsàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé jáde lórí ata ilẹ̀ pupa, pé ó ń pa jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ti di ohun tí àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ fi ń polówó ọjà ní Ọjà Titun nílùú Ifẹ̀ níbí. Irọ́ kọ́ ni ẹ pa, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹ sọ, ìdajì tó kù gan-an ló sì yẹ kí aláìsàn gbọ́.

Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ojú inú ìfun ńlá kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ kí wọ́n tó kú, kí òmíràn sì rọ́pò wọn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni èyí tó kọ̀ tí kò kú mọ́. Àwọn pròtéènì ló ń ṣètò ikú náà. p53, tí wọ́n ṣàwárí lọ́dún 1979, máa ń pọ̀ sí i bí àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì bá bàjẹ́, á sì máa ti sẹ́ẹ̀lì náà sí ikú. Pròtéènì kejì, Bax, á fẹ́ dá ihò sí ara mitokọ́ńdríà, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀kẹta, Bcl-2, á sì máa dí i lọ́wọ́. Bí Bax bá borí, caspase-3, tó ti ń jókòó bí akọ́dà tí ọba kò tíì rán níṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn pròtéènì mìíràn. PARP wà lára àwọn pròtéènì tí caspase-3 ń gé. Ní yàrá ìwádìí, ìlà kan ni PARP máa ń ní lórí bébà tí wọ́n fi ń yẹ pròtéènì wò. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń kú nírú ọ̀nà yìí, ìlà kejì á yọ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà kejì yẹn ni wọ́n ń wá, nítorí pé omi ọṣẹ lásán náà á pa sẹ́ẹ̀lì nínú abọ́ tí wọ́n ti ń tọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nírú ọ̀nà yìí.

Kì í sì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ló ń dáhùn bákan náà. Irú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun méjì kan wà tí wọ́n ń tọ́ ní yàrá ìwádìí, HCT116 àti HT-29: p53 inú HCT116 pé, ṣùgbọ́n ti HT-29, tí wọ́n mú lára obìnrin ẹni ọdún 44 kan lọ́dún 1964, ti bàjẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yọ p53 kúrò nínú HCT116, 5-fluorouracil, oògùn jẹjẹrẹ tí àwọn dókítà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, kò fẹ́ẹ̀ rí i pa mọ́. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni p53 wọn ti bàjẹ́.

Ní ti curcumin, èròjà inú ata ilẹ̀ pupa náà, ó máa ń jí caspase-3 lóòótọ́ nínú abọ́. Àmọ́ bí ènìyàn bá gbé e mì, díẹ̀ bíńtín ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì tètè yí ìyẹn náà padà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ máa kọ irú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lò, ìwọ̀n oògùn tí wọ́n dà sí i, àti bóyá sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn yè é. Ọ̀pọ̀ ló ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn, tí wọ́n ń pè é ní jẹ̀dí, tí wọ́n sì ń mu agbo láti oṣù dé oṣù, nígbà tí dókítà tó lè fi ẹ̀rọ wo inú ìfun wọn wà nínú ìlú yìí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan, Ilé-Ifẹ̀.