Àìwúkàrà ni, kì í ṣe ìbọ̀rìṣà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lójú ìwé ẹ̀sìn yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè òǹkàwé ní ìtumọ̀ "azymite" ni "àwọn tó ń bọ búrẹ́dì". Rárá o. Artolatry ni bíbọ búrẹ́dì ń jẹ́. Ó ti fi ewúrẹ́ pe àgùntàn.

Lédè Gíríìkì, zyme ni ìwúkàrà. "A" tó wà níwájú rẹ̀ sì ni "àì" tiwa. Ẹni tó bá ti ka Ẹ́kísódù orí 12 nínú Bíbélì Yorùbá ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé: àìwúkàrà. Iṣẹ́ búrẹ́dì ni mò ń ṣe ní Iléṣà níbí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí i. Ìyẹ̀fun tí mo bá po yíìsì mọ́, tí mo fi aṣọ tútù bò, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa ti aṣọ sókè, tí yóò máa rùn bí ẹmu àná. Èyí tí mi ò fi yíìsì sí, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni màá bá a, pẹlẹbẹ.

Èébú ni azymite, fún àwọn tó ń fi búrẹ́dì àìwúkàrà ṣe Oúnjẹ Olúwa. Ní 1053, Leo, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Ohrid nínú ìjọ àwọn Gíríìkì, kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù Trani ní Ítálì, ó ń bú àwọn ìjọ Róòmù, ti póòpù, pé àìwúkàrà bíi ti àwọn Júù ni wọ́n fi ń ṣe Oúnjẹ Olúwa. Lójú àwọn Gíríìkì, òkú búrẹ́dì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àṣẹ póòpù náà wà nínú ìjà yìí o, àmọ́ nígbà tó di July 16, 1054, Kádínà Humbert, aṣojú Róòmù, gbé ìwé ìyọnilẹ́gbẹ́ lé orí pẹpẹ Hagia Sophia, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Gíríìkì ní Constantinople, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìpàdé ńlá ìjọ ní Florence, ní Ítálì, ní 1439 ló wá sọ pé èyí tó wú àti èyí tí kò wú, bákan náà ni.

Kátólíìkì ni mí. Àkàrà funfun pẹlẹbẹ tí fadá ń fi sí wa lẹ́nu, àìwúkàrà ni, nítorí náà azymite ni èmi náà. Ṣé mò ń bọ búrẹ́dì ni? (Ìjọ kan ládùúgbò wa, búrẹ́dì tèmi tó wú dáadáa ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́. Wọn kì í tètè sanwó.)

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ kátíkísìmù ti fi bírò kọ ìtumọ̀ yín sínú ìwé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe kí Sátidé tó pé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníbúrẹ́dì, Iléṣà